Ìlú Tí Kò Fẹsẹ̀ Tẹlẹ̀

Òkúta ni Túyì fi bẹ̀rẹ̀.
Ó ní, "Ẹ wo òkè tó wà lọ́nà Ìdànrè lọ́hùn-ún,
bí kùrukùru bá bò ó nídìí láàárọ̀.
Ṣé ẹ rí i pé kò sí ohun tó gbé e dúró?"

Orí dẹ́kìn ilé bàbá Moróunkéjì la wà, ní Òkè-Àró,
ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán láti ìgbà tí wọ́n ti bí i,
irin ṣì yọrí ṣóńṣó lórí gbogbo òpó
bí irun ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò ráyè dì.
Kéjì ya òkè náà sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀,
ó fi rọ́bà pa ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rẹ́.
Ó léfòó.
Bí a ṣe ní ayé nìyẹn.

Òfin kan ṣoṣo la fi lélẹ̀:
ohun tí ẹnìkan bá dá, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ pa á rẹ́,
àfi kó fi tirẹ̀ kún un.
Túyì dá Òkè-Ìrì, níbi tí omi ti ń kán sókè.
Kéjì dá Ọjà-Afẹ́fẹ́. Èémí ni owó wọn níbẹ̀,
ẹni tó bá rojọ́ jù, ó di òtòṣì.
Èmi dá erékùṣù kan, mo ní kí wọ́n fún mi láyè
kí n wá orúkọ tó dára fún un.
Mo ṣì ń wá a.

Akínrìnmádé ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà. Ó máa ń dé lẹ́yìn gbogbo wa,
sìmẹ́ǹtì ní ìpéǹpéjú, ọrùn rẹ̀ á ti gan.
Kì í dá nǹkan kan. Ìbéèrè ló ń bi wá:
"Kí ló gbé e dúró? Bójò bá rọ̀ sí i, ṣé kò ní wúwo?
Àwọn àmọ̀tẹ́kùn abìyẹ́ yín yìí, níbo ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí?"
A rẹ́rìn-ín títí Kéjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó mú ìdáhùn wá, lórí bébà àpò sìmẹ́ǹtì:
ẹranko kan, Arulẹ̀ lorúkọ rẹ̀,
ó tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ìyẹ́ rẹ̀ rí bí òwú àràbà,
kò lójú, kò ké rí.
Abẹ́ erékùṣù ló ń fò, tọ̀sán tòru,
orí ló fi ru ilẹ̀ wa,
ìkùukùu sì ni òṣùká rẹ̀.
"Ẹnìkan ló ń rù ú," ó ní. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Àwọn àdán gba orí wa kọjá.
Ẹnikẹ́ni nínú wa kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, Túyì kó ogun ja Ọjà-Afẹ́fẹ́
láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Kéjì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá a yodì.
Nígbà tí wọ́n parí ìjà, ti wọn nìkan ni wọ́n ń rò;
a ò tètè fura pé Akínrìnmádé ò wá mọ́.
Ọ̀gá rẹ̀ ríṣẹ́ sí Oǹdó, wọ́n kó lọ lọ́jọ́ Ajé.

Mo tú ìwé náà láti èèpo dé èèpo,
mo ń wá erékùṣù tirẹ̀.
Kò ní.
Gbogbo ohun tó yà, abẹ́ tiwa ló wà.

Wọ́n ti parí ilé yẹn báyìí. Páànù pupa ló wà lórí rẹ̀.
Bí ọyẹ́ bá dé, mo máa ń dúró létí títì,
mo ń wo òkè tí kò fẹsẹ̀ tẹlẹ̀,
òṣùká funfun nídìí rẹ̀,
ọrùn á sì máa dùn mí.
Ìbéèrè ìgbẹ́ yẹn ńkọ́?
Ọmọkùnrin yìí, a ò tíì rí i dáhùn.