Yìnyín fún Ọkọ̀ Nemesio

Yìnyín ni mò ń tà létíkun Zambales yìí,
láti ìgbà tí orúnkún kò tíì máa dùn mí.
Ẹ má bi mí ní ìròyìn ayé.
Iye búlọ́ọ̀kù tí ọkọ̀ kan gbà ni kí ẹ bi mí,
nítorí yìnyín ni mo fi ń wọn òkun.

Nígbà kan, ọgbọ̀n ni Nemesio máa ń gbà.
Á tò wọ́n sábẹ́ pákó, á fi èérún igi bò wọ́n,
ó di ọjọ́ kẹjọ ká tó tún fojú kàn án.
Ó lọ síbi àpáta inú agbami,
níbi tí omi ti mọ́ bí ojú ọmọ tuntun,
tí ẹja ń fi ìhà gbá ara wọn.
Bó bá fi máa dé, yìnyín ti yọ́,
ẹja ti jókòó síbi tí yìnyín dìde.

Lọ́dún tó kọjá ó ní kí n fún òun ní méje.
Méje!
Mo ní, "Nemesio, ṣé bíà lo fẹ́ fi mú tutù ni?"
Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní ọkọ̀ funfun kan ti jókòó síbẹ̀,
ó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, fèrè rẹ̀ ń mi eyín lẹ́nu.
Wọ́n ń fi ẹ̀rọ pariwo ní èdè tí wọn ò gbọ́,
lẹ́yìn náà wọ́n tún un pè ní Gẹ̀ẹ́sì,
pé omi yìí, ti baba ńlá àwọn ni.
Baba ńlá tiwa náà ńkọ́, tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀,
tí iyùn fi egungun rẹ̀ kọ́lé?
Wọ́n bá yí ìbọn omi sí wọn.
Omi òkun, tí wọ́n fà láti inú òkun,
láti fi lé apẹja kúrò lórí òkun.
Omi dídì ni mò ń tà,
omi ni wọ́n fi lé oníbàárà mi.

Ọkọ̀ ìjọba wa lọ síbẹ̀, ó gbé àsíá dání,
ó kéré, ó ti dípẹtà létí.
Ọkọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wa láti òkèèrè náà kọjá, àwọ̀ eérú,
wọ́n ní àwọn kàn ń rìn kọjá ni,
kí ayé lè mọ̀ pé ọ̀nà ṣí sílẹ̀.
Ó ṣí fún ta ni?
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Manila, ó gbé kọ̀ǹpútà,
ó ya àwòrán òkun fún mi, ó fa ìlà pupa,
ó fa ti búlúù, ó tún fa òmíràn.
Mo ní kó ra yìnyín.

Wọ́n ní bí erin méjì bá ń jà,
koríko ibẹ̀ ni yóò fara gbá a.
Koríko kò hù lójú agbami, ẹ̀yin àgbà.
Delfin ló wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n Nemesio,
tí omi gbá mọ́ òpó ọkọ̀.
Títí di òní, apá ọ̀tún rẹ̀ kò ga ju ọmú lọ,
apá òsì ló fi ń ya irun orí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àkùkọ kò tíì kọ
tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí yanrìn.
"Ọgbọ̀n," ni Nemesio wí.
Mi ò béèrè ohunkóhun.
Mo kà á, mo fi ẹyọ kan ṣe èènì,
mo kọ gbèsè rẹ̀ sínú ìwé
pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá, bí ẹni ń kọ orúkọ ọmọ.

Mo mọ iye ọjọ́ tí yìnyín ń lò kó tó di omi.
Òní ló pé.
Ẹ̀rọ ń kùn lẹ́yìn ilé,
mo tún ti da omi sínú páànù.