Ànàmọ́ Kejìlá

Bọ́ọ̀sì já wa sílẹ̀ lókè Buda.
Òtútù oṣù kọkànlá ń fọwọ́ wẹ́wẹ́ wọ ọrùn ẹ̀wù mi.
Odò Dánúbè tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀,
àwọ̀ rẹ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ẹ̀kọ.
Mo ti rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì aláràbarà tó ń dán bí ara ejò,
mo ti tò sẹ́yìn ọkùnrin kan tó gbé agboòrùn pupa sókè,
tó ń ka orúkọ ọba bí ẹni ń ka gbèsè.

Ibi tí mo ti ń wá bí màá ṣe ya fọ́tò ààfin
ni àpò ìyá kan ti já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.
Ànàmọ́ ń yí gbirigbiri lórí òkúta,
ọ̀kan wọ abẹ́ takisí,
ọ̀kan lọ dúró síbi ẹsẹ̀ ère ajagun
bí ẹni wá tọrọ nǹkan.
Mo ṣa mọ́kànlá.
Ó ní méjìlá lòun rà.
A wá ọ̀kan yẹn pẹ́.

Etelka lorúkọ rẹ̀.
Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó nǹkan,
ọwọ́ la fi ń sọ èyí tó ṣòro.
Lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, nínú òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀,
wọ́n gbẹ́ àga sínú ògiri òkúta, ó jinlẹ̀ bí etí.
Ta ló ń jókòó síbẹ̀ láyé ọjọ́un?
Ó sọ èjìká. "Ẹni tó bá rẹ̀."
A jókòó.
Òkúta náà tutù dé mùdùnmúdùn egungun.

Mo fẹ́ yìn wọ́n. Mo rántí ohun tí bàbá mi máa ń wí:
ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Mo fi ìka ya iná, mo fi ìka ya ilé tuntun.
Ó rẹ́rìn-ín, eyín wúrà kan yọ.
Ó fà mí lọ́wọ́ dé ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àlejò kì í dé:
kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà, ológbò kan,
ògiri tí ọta ìbọn ti lù,
ojú rẹ̀ bí ojú ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná mú.
"Èyí náà jó," ó wí.
"Ọmọ ọdún méjì ni mí, nínú ihò àpáta nísàlẹ̀ ibí.
Wọ́n ní n kò sunkún.
Ọba ti kú tipẹ́, wọ́n ṣì ń kọ́lé fún un.
Èmi wà láàyè, n kò rí bíríkìlà."

Ó na ìka sínú ihò ọta kan, èyí tó ga tó èjìká rẹ̀,
ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé.

Ìgbà tí mo ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti tan iná sára ààfin,
ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, gbogbo ènìyàn gbé fóònù sókè.
Èmi ń wo gọ́tà.
Ó wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì oníṣúgà,
ara rẹ̀ bó díẹ̀.
N kò rántí ilẹ̀kùn ẹni tó ni ín mọ́; gbogbo wọn jọra lálẹ́.
Ó ń bẹ lójú fèrèsé òtẹ́ẹ̀lì mi báyìí.
Kò sí ìkòkò tí mo lè fi sè é.