Ìwọ̀n Èékánná

Ní Oruro, òtútù ló ń jí wa, kì í ṣe àkùkọ.
Wenceslao bàbá mi yóò yí kọ́kọ́rọ́,
ọkọ̀ yóò sì pariwo: kẹrẹkẹrẹ-kẹrẹ,
bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì.
Ká ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó ti dákẹ́.
"Òtútù ni," bàbá mi wí.

Nígbà tó yá, mo ń ka ẹ̀wá.
Iná pupa rúsúrúsú kan tàn níwájú ìdarí;
ó fi àwòrán Màríà bò ó lójú.

Leocadia mẹkáníìkì fa ọ̀pá òróró yọ,
ó nà án sí oòrùn:
irin ń dán nínú òróró bí ìpẹ́ ẹja.
"Ṣéènì tó ń pe ìgbà fún ẹ́ńjìnnì yìí ti dẹ̀.
Ọjọ́ tó bá fo eyín kan,
fáàfù àti písítìn á forí gbárí."
"Ó di ẹ̀yìn ìkórè," bàbá mi wí.

Ìkórè dé. Ogójì àpò ọkà kínúwà,
ọ̀nà Challapata, gẹ̀rẹ́ kan tí kò tilẹ̀ ga.
Kò bú ramúramù.
Kì! lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́,
àti láámà mẹ́fà tó ń jẹnu wò wá.

Fáàfù mẹ́jọ ló tẹ̀. Owó ọkà kò tó o;
a ta ilẹ̀ ìyá ìyá mi kún un.

Leocadia fi ṣéènì méjì kọ́ ìṣó kan,
ògbólógbòó àti tuntun.
Bàbá mi ṣí fìlà, ó sún mọ́ ọn.
Ìwọ̀n èékánná ọmọńdinrín
ni ọ̀kan fi gùn ju èkejì.