Ihò Náà Jẹ Mí ní Gbèsè

Láti inú oṣù Ẹ̀bìbì ni ọwọ́ mi ti sọnù.
Kò sẹ́ni tó kú, kò sí oníbàárà tó gbé owó mi sá.
Mo kàn gbé igi sókè lọ́jọ́ Sátidé kan
lórí pápá gọ́ọ̀fù ọ̀nà Ìwàrà,
bọ́ọ̀lù tó ti mọ ọ̀nà ilé tẹ́lẹ̀
yà sọ́tùn-ún bí ewúrẹ́ tó gbóòórùn èèpo ẹ̀gẹ́,
ó wọ oko Ìyá Ajíbíkẹ́ lọ.

Ó wọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ kejì. Ó wọ̀ ọ́ lóṣù kẹta.
Ìyá Ajíbíkẹ́ wá agolo mílíìkì kan,
ó ń ṣa àwọn ọmọ mi sínú rẹ̀ láàárín ebè.
"Oníkẹ́míìsì!" ni ó máa ń ké láti ìdí ẹ̀gẹ́,
"méje ti dé lónìí o.
Ṣé wàá wá kó wọn, àbí kí n bá ọ sè wọ́n?"

Ìmọ̀ràn kò wọ́n.
Lọ́yà Ajílà ní orúnkún mi ni.
Ọ̀gá báńkì ní rárá o, ojú ni, kí n lọ gba awò.
Ẹnì kan ta igi tuntun fún mi, owó rẹ̀ tó kan òrùlé;
igi náà mọ ọ̀nà oko ẹ̀gẹ́ ju ti àtijọ́ lọ.
Lóru mo dìde, mo fi agboòrùn na afẹ́fẹ́ nínú pálọ̀,
mo fọ́ dígí ìyàwó mi.
Kò bínú. Ó gbá àfọ́kù jọ, ó ní,
"Ìwọ tí ò ń ta oògùn ẹ̀yìn ríro fún gbogbo Ẹrẹ́jà,
o ò ní ẹyọ kan lórí àtẹ fún ara rẹ?"
Mo wá a. Kò sí.

Nínú oṣù Ọ̀pẹ, ọyẹ́ bo Iléṣà mọ́lẹ̀,
àwọn òkè di òjìji,
èmi àti Jẹ́gẹ́dẹ́ tó ń gbé àpò igi mi nìkan la wà ní pápá.
Jẹ́gẹ́dẹ́ kì í sọ̀rọ̀. Ogún ọdún ló ti fi ń gbé àpò
fún àwọn tó gbà pé àwọn gbọ́n jù ú lọ.
Bọ́ọ̀lù wà ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ sí ihò,
lórí yanrìn tí wọ́n fi ọ́ìlì ọkọ̀ pò.
Mo fẹ́ yára gbá a kí ìtìjú tètè parí.
Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Ẹ lóṣòó."

Mo lóṣòó.
Orúnkún mi ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́.
Ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá bàbá mi,
ẹrù aṣọ lórí kẹ̀kẹ́, ìwé gbèsè lábẹ́ fìlà,
tó rìn títí dé ìlú tí kò gbọ́ ẹ̀ka èdè rẹ̀,
tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láti àfẹ̀mọ́júmọ́:
òṣóó ni mà á ló títí o ó fi san án.
Kì í bú wọn. Kì í fọwọ́ lu ilẹ̀kùn.
Ó kàn ń wo ẹnu ọ̀nà náà
bí ẹni tó mọ̀ pé owó wà nínú ilé.

Mo wo ihò náà bẹ́ẹ̀.
Mo rí i pé yanrìn tẹ̀ díẹ̀ sósì,
mo rí èèrà kan tó ń gun etí rẹ̀,
mo rí i pé oṣù méje ni mo ti fi ń sá fún ohun tí mo wá gbà.
Mo dìde, mo rọra tì í.
Ó yí, ó lọ́ra, ó dúró díẹ̀ létí ihò bí ẹni tó ń ka owó,
kọ́.

Jẹ́gẹ́dẹ́ yọ ọ́, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀.
Kò pàtẹ́wọ́.

Ẹ má rò pé gbogbo gbèsè ló wọlé lọ́jọ́ náà.
Èyí tó tẹ̀lé e, inú ẹ̀gẹ́ ni.
Mo gbọ́ tí agolo mì, mo gbọ́ ohùn:
"Oníkẹ́míìsì! Ẹyọ kan péré lónìí? Àbí ara rẹ ò yá ni?"
Mo ní kí ó bá mi tọ́jú rẹ̀,
mò ń bọ̀ lọ́la,
mo ti mọ ilé onígbèsè mi.