Iyanrìn Inú Búútà

Ọyẹ́ ọdún yẹn la ètè, ó la ògiri.
Eruku bo Àkàbà Ìdènà bí ẹ̀lùbọ́.
Ṣèkínátù, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
gbé búútà bàbá rẹ̀, ó ń lọ pọn omi àlùwàlá,
ló bá rí àlùjọ̀nnú kan lẹ́nu ibodè,
kékeré báyìí, ó ń wúkọ́:
"Afẹ́fẹ́ ló ṣì mí gbé. Sìn mí relé."

Ẹyẹ tó gbé wọn, ìyẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo lè bo Kétu.
Iyanrìn nísàlẹ̀, iyanrìn lọ́ọ̀ọ́kán,
òṣùpá nìkan ni kò gbẹ.

Wọ́n ń padà bọ̀ ni ohùn ìyá rẹ̀ pè é látẹ̀yìn òkìtì:
"Ṣèkínátù, ọmọ mi àtàtà, máa bọ̀."
Ó wo ẹsẹ̀ olóhùn. Pátákò kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.
Ó bú sẹ́rìn-ín.
"Ìyá tèmi? Kí ilẹ̀ tó mọ́?
Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí."
Iwin aṣálẹ̀ tú ká.

Ládàánì ń ké nígbà tó wọ agbo ilé.
"Ṣéki! Àbí o kú sídìí omi ni?"
Inú rẹ̀ dùn dé gìgísẹ̀.

Bàbá da búútà sọ́wọ́:
iyanrìn, ó ṣì gbóná.
Ó wo ọmọ. Kò bèèrè nǹkan kan.
Ó fi ṣe tàyámámù.