Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ìtẹ́

Sífáwù, jókòó. Má tíì tan iná.
Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rèé, méjì ni.
Èyí tó ti wọ́ yìí ni ti ilẹ̀kùn,
o ní láti gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀ kó tó gbà.
Ìkejì, n ò mọ ohun tó ń ṣí mọ́.
Gbà á bẹ́ẹ̀.

Fáìlì mẹ́rin. Èyí tí èèkù rẹ̀ jẹ́ igi ọsàn,
ọ̀gá mi ló gbẹ́ ẹ, kí n tó hu irùngbọ̀n.
Bórásì wà nínú agolo mílíìkì.
Tíṣà Oyèwùsì jẹ wá lówó fóòkù kan;
má bi í, ìyàwó rẹ̀ ò gbádùn.

Wọ́n ní kí n pe Kàmọ́rù wálé láti Kàdúná.
Mo ní, irin ò béèrè ẹni tó bí ọ.
Ṣé wàá dúró tì í títí yóò fi pọ́n bí ẹyìn,
tí idẹ á sáré wọ oríkèé bí omi?
Ìyẹn nìkan ló ń béèrè.

Ojú mi ti ń ṣe méjì-méjì. Níjẹta,
páìpù kan ṣoṣo ni mo wò, mo rí méjì,
mo sì fẹ́ jó wọn pọ̀.
O rí mi. O ò rẹ́rìn-ín.
O kàn gba iná lọ́wọ́ mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí n ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.
Ìtẹ́ irin tí à ń de férémù mọ́ yìí,
tí a gé lára irin réluwéè
nígbà tí ojú irin Ọ̀fà ṣì ń gbóná lójoojúmọ́,
ó wọ́.
Láti ọjọ́ tó ti já bọ́ lórí ọmọlanke.
Ìwọ̀n èékánná, lápá òsì.
Gbogbo kẹ̀kẹ́ tí mo fọwọ́ ṣe fún ọgbọ̀n ọdún,
ti àwọn agbéṣu Ẹ̀rìn-Ilé, ti nọ́ọ̀sì Ajàṣẹ́,
ló ń fà sósì díẹ̀díẹ̀,
tí ẹni tó gùn ún ń rò pé ọ̀nà ló dagun.
Wọ́n ń yìn mí. Mo ń dákẹ́.

O ò fèsì. O kúnlẹ̀,
mo rò pé o fẹ́ dúpẹ́ ni.
O na ọwọ́ sábẹ́ ìtẹ́, níbi ìdè òsì,
o fa awẹ́ agolo sàdíìnì kan yọ,
a ti ká a sí méjì, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú.
"Bàbá, ó ti pé ọdún mẹ́ta."

Ọdún mẹ́ta!
Abájọ tí nọ́ọ̀sì fi ní ọ̀nà ti dára sí i,
tí mo rò pé ìjọba ló tún un ṣe.

Dá a padà sáyè rẹ̀.
Àmì mi, ojú fáìlì mẹ́ta lábẹ́ férémù,
má lò ó. Wá tìrẹ.
Ó yá, ṣáná.
Èmi á gbé àpótí mi sẹ́nu ọ̀nà,
kí n máa gbọ́ bí fáìlì ṣe ń lọ.
Etí mi ò tíì wọ́.