Ẹ̀ka Bàtà

Rúpì mẹ́wàá ni mo ń gbà lórí àpò kan,
márùn-ún lórí bàtà.
Aago ọwọ́, ọ̀fẹ́ ni, bí ebi bá hàn lójú rẹ.
Lábẹ́ igi dóńgóyárò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé-ìwé ọmọbìnrin ní Gaya,
ni mo tẹ́ tapólì mi sí.

Ìdájí ni wọ́n ti ń dé.
Ọkọ̀ ojú irin òru tú wọn sílẹ̀ bí ọkà tó jò lápò;
àwọn kan sùn lórí ìwé ìròyìn,
àwọn kan ń ka orúkọ odò sókè bí ẹni ń ka gbèsè.

Òfin wà lára ògiri, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́:
Má wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀.
Má wọ aṣọ tí apá rẹ̀ kọjá ìgúnpá.
Má gbé omi wá, àfi tí ìgò rẹ̀ bá mọ́ gaara.
Fọ́tò rẹ kò gbọdọ̀ ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ.
Ìdáhùn kan tó o bá ṣì, a ó yọ ìdá kan nínú mẹ́ta
lára máàkì èyí tó o gbà.
Aago mẹ́jọ ààbọ̀, a ti ìlẹ̀kùn;
a kì í ṣí i fún ọmọ olówó, a kì í ṣí i fún ọmọ òrukàn.

Mo mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo jókòó fún un.
Lẹ́ẹ̀kẹrin, máàkì méjì péré ni mo fi bọ́.
Lẹ́ẹ̀kẹfà, ìbéèrè jò sígboro lóru ọjọ́ tó ku ọ̀la,
wọ́n ń tà á ní owó tó ju ti màlúù bàbá mi lọ.
Ìjọba wọ́gi lé e.
Kí wọ́n tó tún un ṣe, mo ti fi ọjọ́ mọ́kànlá
lé lórí ọgbọ̀n ọdún.
Òfin ní ọgbọ̀n.
Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n;
èmi, etí kòtò náà ni mo pàtẹ sí.

Láàárọ̀ yìí, Sugiya Manjhi dé, òun àti ìyá rẹ̀,
láti abúlé kan lẹ́yìn Phalgu,
odò tí omi rẹ̀ ń gba abẹ́ iyanrìn kọjá.
Ìyá ló rán aṣọ náà, apá gígùn dé ọrùn ọwọ́,
òwú pupa létí rẹ̀.
Ọlọ́pàá obìnrin fi àlùmọ́gàjí gé e ní ìgúnpá.
Ọmọ náà bọ́ yẹtí. Ó fi ọṣẹ yọ òrùka imú.
Wọ́n ní kó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ẹ̀rọ.
Ẹ̀rọ ní òun kò rí nǹkan.
Ó nu ìka, ó tún tẹ̀ ẹ́.
Ẹ̀rọ ní kò sẹ́ni níbẹ̀.
Ọdún mẹ́jọ ló ti ń wé sìgá bídì, ẹgbẹ̀rún kan lójúmọ́;
ewé ti jẹ ìlà ọwọ́ rẹ̀ tán.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.
Ìdí dóńgóyárò ni mo ti lọgun:
“Ìpínrọ̀ kẹtàdínlógún!
Bí àtàǹpàkò bá kọ̀, ẹ ya ojú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i!”
Ọ̀gá wò mí bí ẹni tó gbọ́ tí ajá fọhùn.
Ó ṣí ìwé, ó ń fi ìka tọ ìlà.
Ó wà níbẹ̀.

Ìlẹ̀kùn dún gbàgà lẹ́yìn Sugiya.

Ìyá jókòó tì mí, ó ń tú òwú pupa
lára apá aṣọ tí wọ́n gé, ó ń ká a mọ́ ìka.
“Ṣé ìjọba ni ẹ̀yin náà ń bá ṣiṣẹ́?”
“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ̀ka bàtà.”
Kò rẹ́rìn-ín. Ó bu ìyẹ̀fun ẹ̀wà yíyan sí mi lọ́wọ́,
ó bi mí pé ẹni mélòó ni wọ́n fẹ́ gbà.
Mo ní irínwó.
“Irínwó! Wọ́n mà pọ̀ o.”

Kò bi mí iye ẹni tó gba fóòmù.
Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni.
Mo tẹ orí ba, mo ń to bàtà,
ọ̀tún pẹ̀lú òsì, ọ̀tún pẹ̀lú òsì.